Ilé Kan Tí N Kò Pè

Fóònù mi dún lórí àpótí lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ohùn tín-ín-rín bíi ti ṣaworo ẹsẹ̀ ọmọdé, ọmọ ọmọ mi obìnrin sì sáré gbé e, nítorí pé ojú mi kò gba lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, wọ́n ti pè yín síbi àpèjẹ o." Mo béèrè pé ta ló pè mí. Ó tún wo fóònù náà, ó ní òun kò mọ ẹni náà, pé ó jọ pé ṣe ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Adégbayì níbí. Mo ní, "A jẹ́ pé wọn kò pè mí nìyẹn." Ọmọ náà wò mí bí ẹni ń wo àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ máa dàrú.

N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi, mo sì rò pé ó yẹ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ fún òun àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀, kí n tó gbàgbé, tàbí kí n tó kú.

Orúkọ tí àwa Yorùbá ní fún ọjọ́ tí oúnjẹ bá ń ṣàn bí omi pọ̀. Bí ẹ bá pè é ní àsè, ẹ ti yin àwọn obìnrin tí èéfín ń pa lójú nídìí ààrò. Bí ẹ bá pè é ní ìnáwó, ẹ ti yin ẹni tó lówó. Àríyá, ti àwọn tó fẹ́ràn ijó nìyẹn. Ṣùgbọ́n àpèjẹ, ti ẹni tí a pè ni. Ẹ tú u wò: à pè, à jẹ. Ìyá bàbá mi ló kọ́kọ́ tú u fún mi, lójú ọ̀nà odò kan, lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kí n wọ̀ ọ́.

Abà wa wà lẹ́yìn Moniya, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti ń tán tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé ibẹ̀ kò ju ogún lọ, ilé amọ̀ tí a fi páànù bò, tí páànù náà ti pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ tó wà nílẹ̀. Àwọn bàbá wa ń dáko, àwọn ìyá wa ń ru ẹrù lọ sí ọjà Moniya, Mùsùlùmí sì ni gbogbo wa, àfi ìdílé tíṣà kan tó jẹ́ Onítẹ̀bọmi, tí àwọn náà kì í gbẹ́yìn níbikíbi tí a bá ti ń dín ẹran.

Lọ́jọ́ àpèjẹ, ilé kan ṣoṣo ló ń dáná ní gbogbo abà. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń gbé ìkòkò ńláńlá ka orí ààrò lẹ́yìnkùlé onínàáwó, gbogbo ilé yòókù á sì fi ààrò tiwọn sílẹ̀ ní tútù, torí pé oúnjẹ ọjọ́ náà ti di ti gbogbo wa. Bí èéfín bá yọ lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn, ìtìjú onínàáwó ni. Ó túmọ̀ sí pé ó gbàgbé ẹnì kan. Àwa ọmọdé kì í jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí àyè lè wà. Bàbá kan wà nílé kejì sí tiwa tí wọ́n máa ń tú okùn ṣòkòtò wọn kí wọ́n tó jókòó, wọ́n ní ẹni tó ń lọ sójú ogun kì í de ara rẹ̀ lókùn. Mo ṣì lè gbóòórùn mọ́ínmọ́ín inú ewé eéran nígbà tí wọ́n bá ṣí ìkòkò, àti ìrẹsì tí wọ́n fi epo pupa sè, àti ẹran àgbò tí òórùn rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni fún odidi ọjọ́ méjì, bó ti wù kéèyàn fọ ọwọ́ tó.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tó kàn ń dédé wá. Bí o bá ń gbóòórùn ẹran láti inú yàrá rẹ, tí a kò fi ẹnu pè ọ́, ilé rẹ lo máa jókòó sí. Ẹni tó ni ọjọ́ náà ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé. Bó bá jẹ́ wòlímọ̀, ìyẹn àjọyọ̀ ọmọ tó ka Àlùkùránì tán, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, yóò pe onílé, yóò ní kí wọ́n wá bá òun jẹ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà náà, Sẹ̀líátù, tí gbogbo wa ń pè ní Sẹ̀lí. Òkè-Ògùn ni bàbá rẹ̀ ti wá dáko lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì fún wọn nílẹ̀ létí odò, kí ilé wọn má baà há mọ́ ti ẹnikẹ́ni, ló bá dá wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n mú èmi àti Sẹ̀lí wọ ilé kéwú. A jọ ń fọ wàláà wa, pátákó tí a fi ń kọ kéwú, létí odò, a jọ ń jẹ ẹgba, a jọ ń pín ẹ̀pà tí ìyá rẹ̀ bá dì sí etí aṣọ rẹ̀. Ó ní èjí láàrin eyín òkè, tó bá ń ké Àlùkùránì, afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń gba ibẹ̀ jáde bíi súfèé, àáfà wa a sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí wọ́n bá rò pé a kò rí wọn.

Ọdún tó yẹ kí a jọ parí ni ejò bu bàbá rẹ̀ ṣán lóko. A kò tíì gbé bàbá náà dé Moniya tí wọ́n fi kú. Ìyá Sẹ̀lí ṣẹ́ kù pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Sẹ̀lí sì ni àkọ́bí. Ó fi ilé kéwú sílẹ̀, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣẹ́gi tà. Mo sunkún fún un. Ẹ gbà mí gbọ́, nígbà náà mo sunkún fún un.

Àmọ́ kò fi kéwú sílẹ̀ tán. Tó bá ru igi kọjá lẹ́yìn ilé kéwú, ó máa ń dúró ti ògiri, igi lórí, á máa fetí sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tó ku bí oṣù kan sí wòlímọ̀ mi, mò ń ké níwájú gbogbo ẹgbẹ́ wa, àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe pòórá lẹ́nu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àà, àà, bí ẹni tí eegun há lọ́fun. Ohùn kan bá gba ojú fèrèsé wọlé, ó súfèé díẹ̀, ó ké ibi tó kù délẹ̀ láìsí àṣìṣe kankan. Gbogbo ilé kéwú bú sẹ́rìn-ín. Àáfà wa, tí kò sí ìkà kankan nínú wọn, ní, "Subuhánalláhì! Ẹni tó ru igi mọ̀ ọ́n ju ẹni tó jókòó sórí ẹní lọ."

Wọn kò mọ ohun tí wọ́n gbìn sí mi nínú. Ibikíbi tí mo bá gbà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, gbólóhùn náà ni àwọn ọmọ fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Sẹ̀lí wá bẹ̀ mí. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí ẹnu òun là. Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa. Nǹkan wà níbẹ̀. Mo ń rò ó pé tó bá fi wá síbi wòlímọ̀ mi, tí èmi wọ aṣọ funfun tí mo wé láwàní, ojú rẹ̀ ni àwọn èèyàn á máa wò, wọ́n á máa sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé òun gan-an ló yẹ kó jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni mo jáde lọ pe àwọn èèyàn. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi bó. Mo pe ìdílé tíṣà. Mo pe bàbá arúgbó kan tí kò gbọ́ràn mọ́, mo pariwo títí ewúrẹ́ wọn fi já okùn. Nígbà tí ó ku ilé kan ṣoṣo, oòrùn ti ń rọlẹ̀, mo gba ọ̀nà odò. Mo dé ìdí igi ìyeyè, níbi tí ilé Sẹ̀lí ti ń hàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ń gbọn ẹní. Ó rí mi, ó gbé ọwọ́ sókè. Mo ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan kan sílé, mo yí padà, mo rọra ń rìn lọ, kó má baà dà bí ẹni pé mo sá.

Ọjọ́ Àìkú, ilé wa kún dẹ́múdẹ́mú. Wọ́n gbé mi jókòó sórí àga, ẹnì kan ṣí agbòòrùn lé mi lórí, mo ké tèmi láìsí pé ọ̀rọ̀ pòórá, àwọn èèyàn sì ń ṣe "Máṣáálláhù" bí ẹni pé ojú ọ̀run ni mo ti já bọ́. Nígbà tí wọ́n ń gbé oúnjẹ kiri, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi tó ń bójú tó gbogbo ilé, wá dúró tì mí.

Wọ́n ní, "Ìyá Sẹ̀lí ńkọ́? N ò rí wọn, n ò rí àwọn ọmọ wọn."

Mo ní, "Mo pè wọ́n, Ìyá. Wọ́n ní ara wọn ò yá."

"Ara wọn ò yá, lọ́jọ́ àpèjẹ?" Ìyá Àgbà mi orí, ó ṣe wọ́n láàánú. Wọ́n bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́, wọ́n dé e, wọ́n gbọ̀nà odò lọ, kí wọ́n lọ wo aláìsàn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò rìn kọjá odò tí òtítọ́ fi bá a. N kò tíì jẹ ẹran mi tán tí Ìyá Àgbà fi dé. Wọn kò pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, wọ́n ní, "Dìde, tẹ̀lé mi." Wọ́n di oúnjẹ sínú igbá ńlá, wọ́n gbé e rù mí lórí láwàní funfun, a sì la àárín àwọn èrò kọjá. Àwọn kan ń yìn mí pé mo ń gbé sàráà lọ.

Nígbà tí a dé ilé létí odò, gbogbo wọn ló wà lórí ẹní níta. Wọ́n ti wẹ̀. Aṣọ Iléyá ló wà lọ́rùn wọn. Ààrò wọn tutù, eérú àná ló wà níbẹ̀. Èyí tó kéré jù ti sùn lọ, tìróò tí wọ́n lé sí i lójú ti ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé mo gbàgbé ni, pé láìpẹ́ ẹnì kan á rántí, á sáré wá pè wọ́n. Afẹ́fẹ́ sì ń gbé òórùn ẹran àti ohùn mi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìyá Àgbà ní, "Ìyá Sẹ̀lí, ẹ má bínú. Ọmọ yìí ló ṣe ohun tí kò yẹ."

Ìyá Sẹ̀lí rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá. Ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́hun á jẹ́ kí kéwú náà wúlò fún un. Àwa ti jẹun."

Ọmọ wọn ọkùnrin ní, "A ò tíì jẹun o, Màámi."

Ìyá Àgbà di orúnkún ara wọn mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, àwọn tí gbogbo abà ń kúnlẹ̀ fún. Ìyá Sẹ̀lí fò dìde, wọ́n rọ̀ mọ́ wọn. "Háà, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mí bẹ́ẹ̀! Ẹ dìde!" Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọn kò dúró tán, wọn kò kúnlẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà wọ́n bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ kékeré. Ìyá Sẹ̀lí kò jẹ. Sẹ̀lí kò jẹ. Ó wá síbi tí mo dúró sí, ó wò mí.

Ó ní, "Mo rí ọ lọ́nà."

Ó padà lọ jókòó sórí ẹní.

Nígbà tí à ń padà lọ ni Ìyá Àgbà bi mí pé, "Kí là ń pe ohun tí à ń ṣe nílé lónìí?"

Mo ní, "Àpèjẹ."

"Èwo ló ṣáájú nínú rẹ̀, pípè ni àbí jíjẹ?"

"Pípè ni, Ìyá."

Wọ́n ní, "Àwọn tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Bó bá jẹ́ ti ebi ni, iṣu sísun kan á lé e lọ. Ohun tí èèyàn ń lọ wá níbẹ̀ ni pé kí a dárúkọ òun, kí òun mọ̀ pé a ka òun mọ́ ara wa. Èyí tí o rù lọ yẹn, oúnjẹ lásán ni. Ajá náà ń jẹ oúnjẹ." A rìn díẹ̀ sí i. Wọ́n ní, "Lọ́la, ìwọ nìkan ni kó o padà síbẹ̀. Má gbé nǹkan kan dání. Kúnlẹ̀, kó o pè wọ́n."

N kò lọ lọ́jọ́ kejì. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. N kò lọ lọ́jọ́ kẹta. Òjò rọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òjò. Ojoojúmọ́ ni mò ń dé ìdí igi ìyeyè tí mo ń yí padà. Lọ́jọ́ tí mo wá di ọkàn mi mú tí mo dé ẹnu ọ̀nà wọn, ilẹ̀kùn ti wà ní títì, adìyẹ ẹlòmíràn ló ń tan ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹní. Wọ́n ti kó lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Àwọn kan ní Ọlódò ni. Lójú tèmi nígbà náà, ọ̀kan náà ni Ọlódò àti Mẹ́kà: ibi tí ẹsẹ̀ mi kò lè dé.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ, ọkọ mi sì kó mi wá sí Adégbayì, níbi tí mo ti ta gàrí títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ọlódò kò jìnnà síbí. Bí ọ̀nà bá dán, ọkọ̀ kan péré ni. Mo máa ń sọ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n óò lọ béèrè. Lẹ́yìn tí mo bímọ tán, mo ní lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ìwé. Ó ṣeé ṣe kí èmi àti Sẹ̀lí ti jọ wọ ọkọ̀ kan náà rí, kí a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, kí a má mọ ara wa.

Lọ́dún tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan, obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ ìyá tó kọ́ ọ ní kéwú ní Ọlódò, tó ń kọ́ ọmọ gbogbo àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ó ní tí ìyá náà bá ń ké, bí ẹni pé ó ń súfèé láàrin eyín. Mo gbé abọ́ ọwọ́ mi kalẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Ọlódò, mo sì béèrè ilé ìyá náà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo bá, aránṣọ, tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà tí ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ni. Ìyá rẹ̀ ti kú, ó ti di ọdún mẹ́ta. Mo ní èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ wọ ilé kéwú. Ojú rẹ̀ tàn. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jọ ń fọ wàláà lódò! Màámi máa ń sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ máa ń rẹ́rìn-ín títí wàláà á fi bọ́ sómi." Mo ń dúró de èyí tó kù. Kò sí. Ohun rere nìkan ni Sẹ̀lí sọ fún wọn nípa mi.

Mo béèrè irú èèyàn tí ìyá rẹ̀ jẹ́ lágbà. Ó ní wọ́n jẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n lawọ́, gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn wọn. Ó wá ní, "Ohun kan ni pé wọn kì í lọ síbi àpèjẹ. Ì báà ṣe ìgbéyàwó, ì báà ṣe wòlímọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́. Wọ́n á ní ká lọ, àwọn ń ṣọ́lé. A rò pé wọn ò fẹ́ ariwo ni."

Ìgbà náà ni mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí igi tí ìyá rẹ̀ rù dé ìdí igi ìyeyè, n kò fi nǹkan kan bò. Ó ti dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dárí jì mí.

Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ọmọdé lẹ jẹ́ nígbà yẹn, èmi ò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n n ò lè bá Màámi dárí jì yín. Wọn ò rán mi."

Òótọ́ ló sọ. Ó sìn mí dé ibi tí mo ti wọkọ̀, ó bá mi gbé báàgì mi, ó sì dúró títí ọkọ̀ fi gbéra.

Abà wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlú báyìí. Wọ́n ti gé igi ìyeyè, wọ́n ti da ọ̀dà sójú ọ̀nà odò, gáàsì ni wọ́n fi ń se oúnjẹ inú ìkòkò ńlá, àwọn tó ń sè é kò sì mọ orúkọ àwọn tó ń jẹ ẹ́. N kò ní bá yín sọ pé ayé àtijọ́ dára jù. Nínú ayé àtijọ́ yẹn ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Oúnjẹ ti pọ̀ sí i, mo yọ̀ fún yín. Ohun tí kò yí padà ni ojú ẹni tó wẹ̀, tó múra, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó ń retí kí a dárúkọ òun. Mo mọ ojú náà. Bí ẹ bá mọ ilé tó wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn lọ síbẹ̀ lónìí. Ẹ má dúró de ọ̀la.